Kí Iyè Tó Rà: Ètò Tó Yẹ Kí Á Bá Àwọn Òbí Wa Ṣe

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń béèrè. Ìbéèrè yín máa ń dá lórí ìgbéyàwó, ìwé kíkà, iṣẹ́ àti òwò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bọ̀ wá bá púpọ̀ nínú wa nílé, bí a fẹ́, bí a kọ̀. Kí la ó ṣe bí bàbá tàbí ìyá wa bá dàgbà tí iyè rẹ̀ rà, tí kò dá àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́? Ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún un? Ta ni yóò máa ná owó rẹ̀? Ibo la ó ti mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ì bá fẹ́?

1. Ohun tí ojú wa rí

Bàbá kan wà ní àdúgbò tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Aṣọ òkè ni bàbá yìí ń tà. Òun ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́sáláṣí fún ìrun Àsùbá, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun ní aago méjì òru. Àwọn ọmọ kéú rẹ́rìn-ín, àwa náà sì rò pé àṣìṣe ni. Lẹ́yìn náà ni kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó ń sin oníbàárà ní gbèsè tí wọ́n ti san fún un tipẹ́. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyá rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ kan mú ìwé ilẹ̀ wá, ó fi ọwọ́ bàbá tẹ̀ka sí i. Àwọn yòókù kò gbọ́ títí ẹni tó ra ilẹ̀ fi wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ọ̀rọ̀ di kóòtù, ilé pín sí méjì. Wọ́n pe àwa àáfà pé kí a wá bá wọn parí ìjà. Ìyàwó bàbá sọ pé nígbà tí ara ọkọ òun ṣì le, ó ti sọ fún òun pé kí wọ́n má ta ilẹ̀ náà láé, pé owó háyà ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ni kí wọ́n máa fi tọ́jú òun bí òun bá darúgbó. Ó ní ó tilẹ̀ dárúkọ ọmọ tó fẹ́ kó máa wẹ òun. Ṣùgbọ́n ìyàwó yìí nìkan ló gbọ́ ọ. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ní irọ́ ló ń pa. A wo ojú ara wa, a kò rí ohun tí a lè dì mú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní kóòtù, bàbá wà ní yàrá ẹ̀yìn, inú ìtọ̀ la sì ti máa ń bá a. Ó kú kí ẹjọ́ náà tó parí.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní bí a ṣe ń pín ogún òkú. A kò fi ọjọ́ kan kọ́ wọn ní bí ẹni tó wà láàyè ṣe ń ṣètò ara rẹ̀ de ìgbà tí làákàyè rẹ̀ bá lọ. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

2. Irú àrùn wo ni?

Yorùbá máa ń sọ pé àgbà ń ṣarán, tàbí pé iyè rẹ̀ ti rà. Àrùn ọpọlọ ni, kì í ṣe ogbó lásán, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà ló ń pé 90 ọdún tí iyè wọn ṣì jí pépé. Oríṣìíríṣìí ló wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, pè, ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1906. Òmíràn máa ń wá láti ara ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021, àwọn tó ní irú àrùn yìí lágbàáyé tó mílíọ̀nù 57, àti pé ó ju 60 lọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àrùn òyìnbó ni. Láti 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ṣáájú wọn nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà Yorùbá wò ní Ìdíkàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà sì ń yẹ àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti pé ọdún 65, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan ní Ìbàdàn. Bíi 32 ni ní Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí.

Àìmọ̀ ti mú kí àwọn kan ṣe ohun tó burú. Ìyá arúgbó á jáde lóru, kò mọ ibi tó ń lọ, wọn á ní àjẹ́ ni. Á sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, wọn á ní ó ń jẹ́wọ́. Wọ́n ti na irú ìyá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti lé wọn kúrò nílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ dìde dúró kí ẹ sọ pé aláìsàn ni. Fífi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá kan ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀, àbòsí ńlá ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ló jẹ́ àrùn yìí. Àìsàn inú ìtọ̀, oògùn tó pọ̀ jù, ìbànújẹ́ tó wọ ènìyàn lára, tàbí àìtó èròjà kan nínú oúnjẹ lè da orí àgbà rú, ìtọ́jú sì wà fún wọn. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé hàǹtú nìkan la ó máa fọ̀ fún un mu.

3. Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Ọlọ́hun kò fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún wa. Nínú Súrà An-Nahl, áyà 70, àti Súrà Al-Hajj, áyà 5, Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọn yóò dàgbà dé ìgbà tó rẹlẹ̀ jù nínú ọjọ́ orí, tí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò fi kúrò lórí wọn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi irú ogbó bẹ́ẹ̀, Bukhari sì gbà á wá. Ohun tí Ànábì fi ń ṣàdúà kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣẹ̀sín.

Nínú Súrà Al-Isra, áyà 23 àti 24, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé bí òbí wa bá dàgbà sí wa lọ́wọ́, a kò gbọdọ̀ ṣe ṣìọ̀ sí wọn, kí á rẹ ara wa sílẹ̀ fún wọn, kí á sì máa tọrọ àánú fún wọn nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní kékeré. Yorùbá náà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Bí làákàyè bá ti lọ, ọ̀ranyàn ẹ̀sìn ti kúrò lọ́rùn onítọ̀hún. Hádíìsì tí Abu Dawud àti àwọn mìíràn gbà wá sọ pé a ti gbé gègé kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti ẹni tí kò ní làákàyè títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Nítorí náà, ẹ má na bàbá yín nítorí ìrun. Bí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó dúró tì yín kó sì kírun bó ṣe lè ṣe é. Bí kò bá mọ rákà tó wà, Ọlọ́hun mọ̀.

Ti ohun ìní ńkọ́? Nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 282, níbi tí Ọlọ́hun ti ń sọ̀rọ̀ ìwé gbèsè, Ó ní bí ẹni tó jẹ gbèsè bá jẹ́ aláìlera tàbí ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, alámòójútó rẹ̀ ni kí ó sọ ọ́ fún un pẹ̀lú òdodo. Nínú Súrà An-Nisa, áyà 5, àṣẹ wà pé ẹni tí kò mọ owó ná, inú owó náà la ó ti máa bọ́ ọ, tí a ó ti máa ra aṣọ fún un. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: owó ẹni náà, òun ni a ó fi tọ́jú. Kò tíì di ogún. A kì í jogún ẹni tó wà láàyè. Ẹni tó bá fi ìka bàbá tí kò mọ nǹkan mọ́ tẹ ìwé ilẹ̀, kò ra ilẹ̀, kò ta ilẹ̀, ó jalè ni.

4. Ohun mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ kó pọ̀

Àkọ́kọ́ ni wàsíyà, ìyẹn ìwé ìhágún. Hádíìsì tí Ibn Umar gbà wá, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, kọ́ wa pé mùsùlùmí tó ní ohun tó fẹ́ sọ àsọtẹ́lẹ̀ lé lórí kò gbọdọ̀ sun oorun alẹ́ méjì láìjẹ́ pé wàsíyà rẹ̀ wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti sọ fún Sa'd bin Abi Waqqas. Kò sì sí wàsíyà fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún, àyàfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i. Lójú mázíhàbù Maliki tí a ń tọ̀ nílẹ̀ wa, wàsíyà tí ènìyàn ṣe nígbà tí làákàyè rẹ̀ pé kì í bàjẹ́ nítorí pé làákàyè rẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: wàsíyà kì í sọ̀rọ̀ títí ẹni tó ṣe é yóò fi kú. Ẹni tí iyè rẹ̀ rà sì lè wà láyé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún un ní àárín ìgbà yẹn?

Ìkejì ni wákálà, ìyẹn kí ènìyàn yan aṣojú tí yóò máa bá a ṣe nǹkan nípa owó àti dúkìá. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ló lè yan aṣojú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíkíhì sọ pé wákálà máa ń tú bí làákàyè ẹni tó yan aṣojú bá lọ pátápátá. Bákan náà ni òfin ìjọba rí lórí ìwé aṣojú lásán. Nítorí náà, kí bàbá tó ní ilẹ̀ àti owó ní bánkì rí lọ́yà nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, kí ó béèrè ọ̀nà tí kò ní í já ní àárín, kí àwọn ọmọ má baà máa fi káàdì bánkì rẹ̀ gba owó ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín ń gbé ní England tàbí Wales, òfin kan ti wà níbẹ̀ láti 2005 tó fàyè gba ènìyàn láti yan aṣojú tí agbára rẹ̀ kò ní í tú bí iyè bá rà. Ọ̀kan wà fún owó àti dúkìá, ọ̀kan wà fún ìtọ́jú ara, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ìkẹta, èyí tí a gbàgbé jù, ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara: ibi tí yóò máa gbé, ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, irú ìtọ́jú tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́. Ìtàn kan wà nínú Bukhari àti Muslim tí Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ. Nígbà àìsàn Ànábì tó kẹ́yìn, wọ́n fẹ́ fi oògùn sí i lẹ́nu. Ó ṣe àmì sí wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n ní bí aláìsàn ṣe máa ń kórìíra oògùn ni, wọ́n bá fi sí i lẹ́nu. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́, ó bi wọ́n léèrè bóyá òun kò ti kọ̀ fún wọn, ó sì bínú sí ohun tí wọ́n ṣe. A rí i kọ́ níbẹ̀ pé àìlera kò sọ ọ̀rọ̀ ènìyàn di asán. Bí àmì ọwọ́ aláìsàn bá níyì tó báyìí, mélòó mélòó wá ni ọ̀rọ̀ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí?

Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Àgbáyé tó wà ní Jeddah náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ní 1992. Wọ́n fẹnu kò pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ aláìsàn tí làákàyè rẹ̀ pé kí á tó tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá ní làákàyè, alámòójútó rẹ̀ ni yóò fàṣẹ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe aláìsàn náà láǹfààní nìkan ni agbára alámòójútó mọ.

5. Ohun tó yẹ kí ó wà nínú ìwé

Ẹ mú ìwé kan, kí òbí máa sọ, kí ẹnì kan máa kọ:

(i) Orúkọ ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún un bí kò bá lè sọ ọ́ mọ́, àti ẹnì kejì tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ àkọ́bí. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́hun, tó sì sún mọ́ ọn, ni kó jẹ́.

(ii) Gbèsè tó jẹ, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, owó àjọ, ohun àmáánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, sáká tí kò tíì yọ àti ààwẹ̀ tí kò tíì san.

(iii) Ibi tó fẹ́ máa gbé. Kíkó àgbà tí iyè rẹ̀ ń rà láti ilé ọmọ kan sí òmíràn lóṣooṣù máa ń dá kún ìdààmú rẹ̀.

(iv) Ẹni tí yóò máa rí ìhòhò rẹ̀. Ìyá tó ti fi ìbòrí bo orí láti ọdún pípẹ́ kò yẹ kó di ẹni tí ẹnikẹ́ni ń tú láṣọ.

(v) Owó tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀ àti ibi tí yóò ti máa wá.

(vi) Ìtọ́jú ìkẹyìn: ṣé ilé ló fẹ́ wà ni, tàbí ọsibítù? Nígbà tí àrùn yìí bá ti jinlẹ̀, aláìsàn kì í lè gbé oúnjẹ mì dáadáa. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa àgbà sọ pé rọ́bà tí wọ́n ń fi bọ́ ènìyàn kò mú ẹ̀mí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gùn, pé kí á máa fi ọwọ́ bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú sùúrù ló dára jù. Kí òbí gbọ́ èyí kí ó sì sọ èrò rẹ̀. Ààlà kan wà o: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n pa òun, tàbí pé kí wọ́n febi pa òun. Ẹ̀mí kì í ṣe tiwa.

Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí gbogbo ọmọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ààwẹ̀ Ramadan ọdọọdún, kí wọ́n mú un jáde kí wọ́n tún un wò.

6. Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí?

A mọ̀ pé ó ṣòro. Ọmọ wo ni yóò lọ bá bàbá rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá ṣarán ńkọ́?" Wọn á ní ó ń retí ikú òun. Nítorí náà, ẹ gba ojú ọ̀nà wọlé. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí Lẹ́mọ́mù mọ́sáláṣí yín pé kí wọ́n bá wọn sọ ọ́. Àwọn ìyá wa lè gbọ́ ọ ní ẹgbẹ́ Alásàlátù wọn. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹ̀yin kọ́kọ́ kọ wàsíyà tiyín, kí ẹ gbé e fún bàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó bóyá ó tọ̀nà." Ọ̀pọ̀ bàbá ni yóò dákẹ́ díẹ̀, tí yóò wá sọ pé, "Èmi gan-an kò tíì ní."

Bí àrùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ pé ó ti bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni iyè ń lọ, òwúrọ̀ sì lè sàn ju ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò lè ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ ṣì lè mọ ọmọ tó fẹ́ kó máa bọ́ òun. Ẹ béèrè èyí tó lè dáhùn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti dúkìá, kí dókítà kọ́kọ́ jẹ́rìí pé orí rẹ̀ gbé e kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Àwọn kan yóò sọ pé ètò yìí jẹ́ àìgbára lé Ọlọ́hun. Ànábì kọ́ ọkùnrin tó ní ràkúnmí pé kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Tirmidhi. Ìwé yìí ni okùn. Àdúà kò ní í tìtorí rẹ̀ dópin.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé wa

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wàsíyà, wákálà àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara?
2. Bí ọmọ kan bá fi ìka bàbá tó ń ṣarán tẹ ìwé ilẹ̀, kí ni ìdájọ́ rẹ̀, kí ló sì yẹ kí àwọn ọmọ yòókù ṣe?
3. Ẹni mélòó nínú wa ló mọ gbèsè tí òbí rẹ̀ jẹ?
4. Ta ni o lè rán sí bàbá tàbí ìyá rẹ nípa ọ̀rọ̀ yìí kí oṣù yìí tó parí?

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí á dé ogbó tí Ànábì Rẹ wá ìṣọ́ kúrò níbẹ̀. Bí O bá sì kọ ọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa tàbí nínú òbí wa, fi ẹni tó ní sùúrù, tó sì mọ ohun tí a fẹ́, sí ẹ̀gbẹ́ wa. Àmín.